Ọmọ wa ti gba ìwé ẹ̀rí lókè òkun: ṣé ó ti láṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Bí ìròyìn bá dé Tatonnonkon pé ọmọ kan ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Faransé, gbogbo agboolé ló máa ń yọ̀. Wọ́n á kí bàbá, wọ́n á kí ìyá, wọ́n á ní: «Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè rẹ̀.» Àmọ́ kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ mìíràn fi máa ń bẹ̀rẹ̀: «Ó ti gba master, kí ló dé tí a ò tíì gbúròó owó? Àbí ó ti gbàgbé ilé ni?»

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn ọmọ náà, torí wọn kì í mọ bí wọ́n ṣe máa ṣàlàyé ara wọn lórí tẹlifóònù fún ẹni tí kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níbí. Ìwé ẹ̀rí tí ọmọ gbà sọ pé ó mọ iṣẹ́. Kò sọ pé wọ́n ti gbà kó ṣe iṣẹ́ náà nílùú wọn. Àṣẹ iṣẹ́ ní ìwé tirẹ̀, ìwé náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà ò sì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa. Ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè, láti Ikpinlè dé Massè, láti Kpoulou dé Oko-Akarè, ọmọ kì í dá rìn lọ sókè òkun, ẹbí ló ń rán an. Ẹlòmíràn ti ta ilẹ̀, ẹlòmíràn ti fi oko ọ̀pẹ dógò, àwọn ìyá ti da owó èésú jọ. Bí àwọn tó wà nílé bá mọ òfin yìí, wọ́n lè ran ọmọ lọ́wọ́ ní oṣù tó le jù fún un. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n lè fi ìfẹ́ tì í sínú ìjàngbọ̀n.

Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ àti ohun tó gbà láyè

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Faransé, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Benin máa ń lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀ á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Campus France kọjá, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní «Études en France», kó tó lọ béèrè visa. Visa akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní VLS-TS ló ń ṣiṣẹ́ carte de séjour fún un lọ́dún àkọ́kọ́, ìyẹn káàdì tó ń fúnni láṣẹ láti gbé ìlú wọn. Bí ọmọ bá ti débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ fìdí visa náà múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oṣù 3 tó pé. Lẹ́yìn ọdún yẹn, á máa gba káàdì akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ préfecture títí tó fi máa parí.

Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbà á láyè láti ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ju wákàtí 964 lọ lọ́dún. Ní Faransé, 1,607 ni wákàtí tí òfin kà fún òṣìṣẹ́ kan lọ́dún. 964 jẹ́ ìdá 60 nínú 100 rẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, ó tó nǹkan bíi wákàtí 18 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó ń fọ àwo nílé oúnjẹ ní alẹ́, tó sì ń lọ kíláàsì láàárọ̀: owó tó ń rí níbẹ̀, owó ilé àti oúnjẹ ni. Bó bá ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí yẹn nítorí pé wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, préfecture lè gba káàdì náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ta ilẹ̀ á dúró lágbede méjì.

Ìwé ẹ̀rí wo ló ń ṣílẹ̀kùn?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ nìyí, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n kí ọmọ tó kúrò nílé: kì í ṣe gbogbo ìwé ẹ̀rí ló ń fúnni láyè láti dúró wá iṣẹ́. Faransé fẹ́ kí ìwé ẹ̀rí náà jẹ́ master tàbí èyí tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kó jẹ́ licence professionnelle, tó jẹ́ licence fún iṣẹ́ kan pàtó. Àwọn ìwé kan bíi «mastère spécialisé» tí ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn fọwọ́ sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

BTS kò sí níbẹ̀. Licence lásán náà kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó bá lọ kọ́ BTS fún ọdún méjì, tó sì rò pé òun á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀gá lọ́jọ́ kejì, á rí i pé ọ̀nà yẹn ti sé. Ohun tó kù fún un ni kó tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́, tàbí kí ilé iṣẹ́ kan tọrọ àṣẹ iṣẹ́ fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àjèjì èyíkéyìí, ìyẹn ò sì rọrùn.

Torí náà, bí wọ́n bá mú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan wá fún ẹbí, kí wọ́n má béèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n béèrè pé: kí lorúkọ ìwé ẹ̀rí tó máa gbà níparí? Ṣé ìjọba mọ̀ ọ́n? Ṣé ó wà lára àwọn tó ń fúnni láyè láti wá iṣẹ́? Ilé ẹ̀kọ́ àdáni kan lè ní ilé tó rẹwà, kó gba owó gọbọi, kí ìwé rẹ̀ má sì wúlò ní préfecture.

Ọdún kan láti wá iṣẹ́

Ní ọdún 2018, Faransé ṣe òfin tó dá káàdì kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Orúkọ rẹ̀ gùn: «recherche d'emploi ou création d'entreprise». Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gé e kúrú sí RECE. Oṣù 12 ni. Nínú oṣù 12 yẹn, ẹni tó ti gboyè lè wá iṣẹ́, ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Wọn kì í tún un ṣe. Bí oṣù 12 bá pé láìríṣẹ́, ó parí nìyẹn.

Ohun kan wà tó kan àwa ọmọ Benin. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ìjọba Benin àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Kútọnu lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí lọ sí Faransé, àdéhùn náà sì kan akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gboyè. Nítorí rẹ̀, ìwé tí wọ́n máa fún ọmọ Benin lè jẹ́ «autorisation provisoire de séjour», tí wọ́n ń pè ní APS, dípò káàdì RECE. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń fún ọmọ láyè láti wá iṣẹ́. Àmọ́ kí ọmọ ka ọjọ́ tó wà lórí èyí tí wọ́n bá fún un, kó sì béèrè iye wákàtí tó lè fi ṣiṣẹ́, kó má ṣe fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe òṣùwọ̀n.

Ìgbà wo ni wọ́n ń béèrè rẹ̀? Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kí káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tó kú ni wọ́n ń béèrè, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín oṣù 4 sí oṣù 2 ṣáájú ọjọ́ tó máa kú. Ká ní ọmọbìnrin kan láti Massè parí master rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, tí káàdì rẹ̀ á sì kú ní ìparí oṣù Kẹwàá. Láti ìparí oṣù Kẹfà sí ìparí oṣù Kẹjọ ni àkókò tirẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí gan-an ò bá tíì jáde, kó lọ gba «attestation de réussite» lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn ìwé tó jẹ́rìí pé ó ti yege. Ìyẹn tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àkókò yẹn dáadáa. Àkókò ìsinmi ni lọ́dọ̀ wọn, àkókò ìgbéyàwó àti ìnáwó sì ni nílé níbí. Ìgbà yẹn ni àwọn ẹbí máa ń sọ pé: «O ti parí, wá ká rí ọ, wá ká ṣe ọpẹ́.» Ọpẹ́ dára. Àmọ́ bí ọmọ bá wọkọ̀ òfuurufú láìtíì béèrè ìwé, tó sì pẹ́ nílé títí káàdì fi kú, kò ní rí ọ̀nà wọ ibẹ̀ padà bó ṣe jáde. Àgbẹ̀ tó bá jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọjá kó tó gbin àgbàdo, kò ní fi ẹ̀bẹ̀ mú òjò padà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: «Ìwé ńkọ́?» Bó bá ní òun ti béèrè, tó sì ní ìwé tó lè fi wọlé padà lọ́wọ́, ẹ pa adìyẹ.

Bó bá ríṣẹ́ ńkọ́?

Rírí iṣẹ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀. Káàdì wíwá iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ yí padà di káàdì òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí kò ní ọjọ́ ìparí, wọ́n ń pe káàdì rẹ̀ ní «salarié». Bó bá ní ọjọ́ ìparí, «travailleur temporaire» ni. Fún àwọn tí owó oṣù wọn ga, èyí tí wọ́n ń pè ní «talent» wà.

Ohun méjì ni wọ́n máa wò. Èkíní, ṣé iṣẹ́ náà bá ohun tó kọ́ mu? Èkejì, ṣé owó oṣù rẹ̀ tó? Òfin sọ pé kí owó náà tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ SMIC, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n lè san fún òṣìṣẹ́ ní Faransé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, SMIC jẹ́ yúrò 1,801.80 lóṣù kí wọ́n tó yọ owó ìjọba kúrò. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi yúrò 2,703, tó jẹ́ nǹkan bíi 1,770,000 FCFA. Ẹ má jẹ́ kí iye yìí kó yín láyà jẹ tàbí kó tàn yín o. Wọ́n máa yọ owó ìjọba nínú rẹ̀, owó ilé ní ìlú ńlá lè gba apá kan tó tóbi nínú ohun tó kù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè jẹ gbèsè.

Bí ohun méjì yìí bá pé, ìjọba ò ní sọ pé: «Kí ló dé tẹ́ ò gba ọmọ Faransé tí kò níṣẹ́?» Bí wọn ò bá pé, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti kéde iṣẹ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ 3 lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń báni wá iṣẹ́, tí òun ò sì rí ẹni tó yẹ, àfi bí iṣẹ́ náà bá wà lára àwọn tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré kì í fẹ́ wàhálà yẹn.

Ẹ rí i báyìí ìdí tí ọmọ tó ní master fi lè máa ṣiṣẹ́ nílé ìtajà, tó sì ń sọ pé òun ò tíì ríṣẹ́. Iṣẹ́ ilé ìtajà yẹn lè bọ́ ọ fún ọdún kan. Kò lè yí káàdì rẹ̀ padà. Bó bá fi gbogbo oṣù 12 rẹ̀ ṣe é kó lè máa fi 50,000 FCFA ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tí kò sì ráyè wá iṣẹ́ tó bá ìwé rẹ̀ mu, owó yẹn wọ́n ju bá a ṣe rò lọ.

Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń tọrọ àṣẹ iṣẹ́ náà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ yẹn ló sì máa ń san owó orí tó wà lórí gbígba àjèjì síṣẹ́, òfin wọn sì kà á léèwọ̀ láti gba owó yẹn padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wá sọ nílé yín pé kẹ́ ẹ san owó kan kí òun lè bá ọmọ yín ṣe àṣẹ iṣẹ́ tàbí kí òun ra «contrat» fún un, ẹ mọ̀ pé jìbìtì ni. Contrat ayédèrú tún máa ń ba ọ̀nà òtítọ́ jẹ́, torí pé bí préfecture bá rí i, wọn ò ní gba ìwé mìíràn lọ́wọ́ ọmọ náà wẹ́rẹ́.

Òfin ìlú mìíràn kì í dúró lójú kan

Kò yẹ ká rò pé bí òfin ṣe rí lónìí ló ṣe máa rí nígbà tí ọmọ bá parí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, Claude Guéant, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Faransé nígbà náà, àti Xavier Bertrand, mínísítà fún iṣẹ́, fi ìwé kan ránṣẹ́ sí àwọn préfet. Ìwé náà ní kí wọ́n fọwọ́ tó le mú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ṣe ń di òṣìṣẹ́. Òfin gan-an ò yí padà, ìwé àṣẹ lásán ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tó ti gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá, tí ilé iṣẹ́ ti gbà, bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì pé rárá, kí wọ́n máa lọ sílé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ọjọ́ yẹn, «Collectif du 31 mai». Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga bá wọn dá sí i, àwọn ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba François Hollande gorí àléfà, wọ́n fagi lé ìwé náà ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ọdún kan géérégé lẹ́yìn tó jáde. Àmọ́ àwọn tí ọdún yẹn bá, ó bá wọn. Nínú wọn ni ẹni tó pàdánù iṣẹ́ tó ti rí, láìjẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe kankan.

Torí náà, kí ọmọ tó bá wà níbẹ̀ máa wo ohun tí òfin sọ lọ́dún tó bá ń parí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe lọ́dún 5 sẹ́yìn lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Kánádà: ìwé kan péré láyé ẹni

Àwọn ọmọ wa tí kò lọ sí Faransé máa ń wo Québec, torí èdè Faransé tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìwé iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wà ní Kánádà náà, orúkọ rẹ̀ ni «permis de travail postdiplôme». Ó dára ní apá kan: ẹni tó bá ní in lè ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó bá wù ú, kò sì sí ọ̀rọ̀ pé kí owó oṣù tó iye kan. Ẹ̀kọ́ tó bá tó oṣù 8 tí kò tó ọdún 2, ìwé tirẹ̀ kì í gùn ju ẹ̀kọ́ náà lọ. Èyí tó bá tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mú ìwé ọdún 3 wá. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni tó ṣe master tó tó oṣù 8 ó kéré tán lè gba ọdún 3 náà.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń fúnni nígbèésí ayé. Ẹni tó bá fi ẹ̀kọ́ oṣù 8 gba tirẹ̀ ò lè padà wá gba òmíràn lẹ́yìn master. Ọjọ́ 180 ni ọmọ ní láti béèrè rẹ̀, láti ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fi ìwé jẹ́rìí pé ó ti parí. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn: wọn kì í kọ ọjọ́ ìwé náà kọjá ọjọ́ tí passeport máa kú. Ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọdún 3, tí passeport rẹ̀ ku ọdún kan, ọdún kan ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ fún un. Kí ẹbí bá a tún passeport ṣe ṣáájú àkókò.

Ọ̀rọ̀ Québec ní ẹ̀gún kan nínú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìwé láti lọ kàwé ní collège àdáni tí ìjọba Québec kì í ná owó fún, kò ní rí permis yẹn gbà níparí, bó tiẹ̀ yege. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà, wọ́n ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò bá béèrè kò ní mọ̀ títí ọdún méjì á fi kọjá. Bákan náà, àwọn tó bá béèrè permis náà láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò èdè kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n lè fi Faransé ṣe é. Kí àwọn ọmọ wa má rò pé nítorí pé Faransé la fi kàwé láti kékeré, wọn ò ní ṣe ìdánwò. Wọ́n máa ṣe é, wọ́n sì máa san owó rẹ̀.

Ní ìlú àwọn òyìnbó mìíràn, ìlànà kan náà ni: wọ́n ń fúnni ní àkókò, wọ́n sì ń ka ọjọ́. Ní Ìlú Ọba, «Graduate visa» bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, ọdún 2 sì ni. Ẹni tó bá béèrè láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2027, oṣù 18 ni yóò gbà, àfi ẹni tó gba doctorat. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 12 ni wọ́n ń pè ní OPT, àwọn tó kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ sì lè fi oṣù 24 kún un.

Ibi tó sún mọ́ wa ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè wa ní èèyàn ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ kan sì ń lọ kàwé níbẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni òfin gbà. Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba visa, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Ní ọdún 1986, wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ kún un, kéèyàn lè wá iṣẹ́ kó sì ṣe é. Ní ọdún 1990, wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti dá okòwò sílẹ̀ kún un. Torí náà, ọmọ Tatonnonkon tó bá gboyè ní Ìbàdàn kò nílò káàdì wíwá iṣẹ́ bíi ti Faransé. Ohun tó nílò ni káàdì ìgbélùú tó bá fẹ́ kọjá ọjọ́ 90. Ẹ̀tọ́ kan náà ni ọmọ Nàìjíríà tó bá kàwé ní Àjàṣẹ́ ní lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ ìjọba kò sí nínú àdéhùn yìí. Ilé iṣẹ́ àdáni àti okòwò ló ṣí sílẹ̀. Nínú UEMOA, níbi tí Togo, Côte d'Ivoire àti Senegal wà pẹ̀lú wa, àdéhùn ọdún 1994 náà sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ti wá fi iṣẹ́ dù ú, ó sì yọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ bákan náà. Àwọn tó ń wo òkè òkun nìkan máa ń gbójú fo ọ̀nà yìí, bẹ́ẹ̀ ó wà nítòsí.

Bí iṣẹ́ ò bá sí, ṣé ìtìjú ni kó padà wálé?

Ìbéèrè yìí ló wúwo jù lọ lọ́kàn àwọn ọmọ. Bí ìwé bá kú tí iṣẹ́ ò sì sí, préfecture lè fún un ní ìwé tó ń pàṣẹ pé kó kúrò nílùú, tí wọ́n ń pè ní OQTF. Wọ́n sábà máa ń fún un ní ọjọ́ 30. Ó lè pe ẹjọ́ ní tribunal administratif, àmọ́ kó má fi falẹ̀, torí pé ọjọ́ ẹjọ́ náà níye. Ẹni tó bá sá pamọ́ dípò ìyẹn kò ní lè ṣiṣẹ́ níta gbangba mọ́. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á wà nínú àpò, á sì máa bá ọ̀gá tó mọ̀ pé kò ní ìwé ṣiṣẹ́ ní iye tí ọ̀gá náà bá fẹ́ san.

Nǹkan kan wà tí gbogbo bàbá àti ìyá yẹ kó mọ̀. Òfin ọdún 2018 yẹn fàyè gba ẹni tó ti gboyè ní Faransé, tó sì ti padà sílé, láti béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà wá wá iṣẹ́, láàárín ọdún 4 tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọmọ tó wálé nígbà tí ìwé rẹ̀ ṣì mọ́ kò tíì ti ilẹ̀kùn pa. Ẹni tó dúró láìníwèé ló ń ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́. Kò yẹ ká fi ẹni àkọ́kọ́ ṣẹ̀sín lójú ọjà Ikpinlè.

Ohun tí àwa tó wà nílé lè ṣe

Kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ tó fi oko dógò, ẹ ní kí ọmọ kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí sínú ìwé:

1. Kí lorúkọ ìwé ẹ̀rí tó máa gbà, ṣé ó sì ń fúnni láyè láti wá iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́?
2. Ọjọ́ wo ni ìwé akẹ́kọ̀ọ́ máa kú, ìgbà wo ló sì yẹ kó béèrè ìwé tó tẹ̀ lé e?
3. Ọjọ́ wo ni passeport máa kú?
4. Ẹ̀kọ́ yìí, irú iṣẹ́ wo ló ń mú wá níbẹ̀, irú èwo ló sì ń mú wá nílé níbí?

Ẹ tún tọ́jú owó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún pamọ́ fún ìgbà tó bá parí. Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń ná gbogbo owó sórí ìrìn àjò àti ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á sì rò pé bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, ìnáwó parí. Àkókò wíwá iṣẹ́ gan-an ló nílò ìrànlọ́wọ́, kó lè ní ilé tó ń gbé àti owó ọkọ̀ tó máa fi lọ síbi tí wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Bí wọ́n bá ń ṣe ìdúpẹ́ fún ẹni tó gboyè lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹnì kan nínú ẹbí pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: «Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sórí ìwé rẹ?» Kó kọ ọjọ́ náà sára ògiri ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ á ti máa rí i.